Bátìrì DX7 bàbá mi ti ń kú: ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣì lè ràn wá lọ́wọ́?

ỌmọOnídùùrù (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá mi tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ jùjú kan níbí n'Íbàdàn fún ọdún méjìdínlógún. Ní 1986, wọ́n ra Yamaha DX7 kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé e bọ̀ nílé, kò sì sí òde tí wọn ò gbé e dé. Wọ́n papòdà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a pín ogún, èmi ni kíbọ́ọ̀dù náà kàn. Mo gbé e sórí tábìlì, mo nu eruku ara rẹ̀, mo tanná sí i. Ó tàn. Gbogbo bọ́tìnnì ló ń ṣiṣẹ́ àfi méjì tó ń ṣagídí.

Bí mo ṣe ń yẹ àwọn ohùn inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dé nọ́ńbà 17. Ojú rẹ̀ kọ AGIDIGBO 1. Mo fọwọ́ kàn án. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ni mo máa ń gbọ́ láti yàrá wa lóru nígbà tí mo wà ní kékeré, tí bàbá mi bá ń dánra wò nítorí òde ọjọ́ Sátidé. Mo wádìí, AGIDIGBO 1 kò sí lára àwọn ohùn tó bá kíbọ́ọ̀dù yìí wá. Bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Irú rẹ̀ mẹ́fà ni mo rí níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé bátìrì kékeré kan ló ń di àwọn ohùn náà mú. Mo tẹ FUNCTION, mo tẹ 14, ibi tó ti ń fi agbára bátìrì hàn, ó kọ 2.3. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò. Ó ní òun á yọ bátìrì náà, òun á fi tuntun sí i, ogún ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù fún un. Ọkàn mi ò gbà. Mo gbé e padà wálé.

Ìbéèrè mi méjì ni. Kí ni kí n ṣe sí bátìrì yìí? Èkejì: nígbà tí ohun èlò bá ti pé ogójì ọdún báyìí, ṣé àwọn tó ṣe é ṣì ń ka ẹni tó ni ín sí oníbàárà wọn?

Ẹlẹ́rọ_Mushin

Àbúrò, MÁ JẸ́ KÍ ẸNIKẸ́NI YỌ BÁTÌRÌ YẸN. O ṣeun gan-an tó o gbé e padà.

Jẹ́ kí n là á yé ọ. Ohùn 32 ló wà nínú DX7. Inú ìrántí kan tí kì í sùn ni wọ́n wà, bátìrì yẹn ló ń fún un lóúnjẹ nígbà tí iná bá kú. Fólítì 3 ni bátìrì náà, irú CR2032, wọ́n jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátákó inú rẹ̀ ni, kò rí bíi ti rìmóòtù tí èèyàn kàn ń ṣí ìdérí rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá tú u kúrò, gbogbo ohùn 32 lọ nìyẹn. Tó o bá wá tanná, ìkọkúkọ lo máa rí lójú rẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì kankan tó o lè tẹ̀ kó padà sí bó ṣe jáde nílé-iṣẹ́. Àwọn ohùn ilé-iṣẹ́, a máa rí wọn, ayé kún fún wọn. AGIDIGBO 1 ńkọ́? Kò sí níbòmíràn láyé.

Nítorí náà, kó ohùn jáde kó o tó fọwọ́ kan ìdè kankan nídìí rẹ̀. Wá wáyà MIDI, èyí tó ń so kíbọ́ọ̀dù orin mọ́ kọ̀ǹpútà, àti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Tẹ FUNCTION, tẹ 8 títí yóò fi kọ SYS INFO UNAVAIL, tẹ YES kó di AVAIL. Tún tẹ 8 lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò bi ọ́ pé MIDI TRANSMIT? Kí kọ̀ǹpútà ti wà ní ìmúrasílẹ̀ láti gbà á o, kó o tó tẹ YES. Wíwò kan báyìí ló ti parí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: fáìlì tó o máa rí gbọ́dọ̀ jẹ́ báìtì 4104 gẹ́lẹ́. Tó bá fi ẹyọ kan dín, kò pé, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn wáyà MIDI olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà kiri máa ń gbé nóòtì lásán dáadáa, ṣùgbọ́n ẹrù gígùn báyìí máa ń já lọ́wọ́ wọn lágbedeméjì ọ̀nà. Kó o lẹ́ẹ̀mejì, fi méjèèjì wéra. Tọ́jú wọn sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn la máa wá sọ̀rọ̀ bátìrì. Ẹni tó bá máa ṣe é, sọ fún un kó jó ilé bátìrì síbẹ̀, kó má ṣe jó bátìrì fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tún kú, ọwọ́ lásán lo máa fi pààrọ̀ rẹ̀.

ỌmọOnídùùrù (Ìbàdàn)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Àyà mi já nígbà tí mo kà á. Mo ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ṣé kò léwu láti tún tàn án, nígbà tí iná wa kì í dúró lójú kan?

Ẹlẹ́rọ_Mushin

Tanná sí i, kò séwu, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé. Èyí tí wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù bá iná tiwa mu. Èyí tí wọ́n tà ní Jàpáànù, fólítì 100 ló ń lò, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Tiransifọ́mà tó jóná tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lára tòkunbọ̀, n kò lè kà á tán. Wọ́n á rà á lọ́jà, wọ́n á kì í bọ iná 240, èéfín á sọ. Fi sítébíláísà sí i, má ṣe tàn án nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde.

Ọlọ́jà_Alaba

Mo fẹ́ fèsì ìbéèrè kejì, ẹ má bínú sí mi. Èmi ò rò pé ilé-iṣẹ́ jẹ wá ní gbèsè. Ẹni tó ra ọjà ní 1986 ti sanwó, ó ti lò ó, ó ti fi jẹun. Ṣé kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí àká fún ogójì ọdún ni?

Nígbà mìíràn gan-an, àwọn fúnra wọn ò ní. Ẹ wo TR-808 ti Roland, ìlù oníná tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. 1980 ló jáde, nígbà tó fi máa di 1983 wọ́n ti dá a dúró, bíi 12,000 péré ni wọ́n ṣe. Tiransísítọ̀ kan tó lábùkù, tó ń pariwo ṣìì, ni wọ́n ń ṣà lò nínú rẹ̀, ariwo yẹn sì wà lára adùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe tiransísítọ̀ wá mọṣẹ́ sí i, èyí tó lábùkù tán lọ́jà. Roland ò rí i rà mọ́, ó parí. Tí ẹni tó ṣe é ò bá rí i rà, ibo ni yóò ti rí i fún ọ?

OníHammond_Yábàá

Ọ̀rẹ́ mi Ọlọ́jà, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀yà ara. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀yà ara nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Amẹ́ríkà dáwó jọ, wọ́n fi Hammond àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀rọ ńlá ni, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. A fi tiransifọ́mà sí i kí iná 240 má ba à pa á. A tàn án, mo tẹ C, ohun tó jáde jẹ́ A, àní A tó tún rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Gbogbo orin ń lọ sísàlẹ̀. Akọrin ò lè kọ ọ́, onífèrè ò lè bá a lọ.

Ẹni mẹ́ta ló tú u wò. Wọ́n yẹ wáyà wò, wọ́n yẹ túùbù wò. Ilé-ìtajà kan lókè òkun tó ní òun ń tọ́jú dùùrù àtijọ́, a kọ̀wé sí wọn, èsì tí wọ́n fún wa ni pé ká ra tuntun. Ohun tó wá ṣe é kì í ṣe àìsàn rárá. Nínú Hammond bẹ́ẹ̀, kò sí chip tó ń dá ohùn. Àwo irin kéékèèké mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ló ń yí nítòsí òòfà, bí wọ́n ṣe ń yára yí ni ohùn ṣe ń ga. Mọ́tò tó ń yí wọn ń tẹ̀lé ìlù iná. Iná Amẹ́ríkà ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ń lù ní 50. Tiransifọ́mà ń yí fólítì padà, kò lè yí ìlù iná padà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ì bá gbà wá lọ́wọ́ oṣù mẹ́ta.

Inú ìwé àtijọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ Hammond fúnra rẹ̀ tẹ̀ nígbà náà la ti rí i. Níbẹ̀ náà la ti rí i pé ó ń mu epo, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tó o bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wàá rí ife kéékèèké tí epo ń gbà wọlé, òwú tín-ín-rín ló ń fa epo náà dé ìdí àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá da epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i nítorí pé ó jọra, òwú yẹn á di. Orúkọ Hammond ti wà lọ́wọ́ Suzuki ti Jàpáànù tipẹ́ báyìí. Dùùrù tí wọ́n ń ṣe báyìí kì í lo àwo irin mọ́, síbẹ̀ ohun tí àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ yẹn kọ sílẹ̀ ló ṣì ń jẹ́ kí tiwa dún.

Adé_Peckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fẹ́ fi ti kíbọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ Prophet-5 kún un, nítorí òun ló jẹ́ kí n rò ó pé Ọlọ́jà ò jàre tán.

Dave Smith ló ṣe é ní 1978, Sequential Circuits lorúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ní California. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1987, Yamaha ra orúkọ náà. Ẹni tó bá ní Prophet lọ́wọ́ nígbà yẹn ti di ọmọ òrukàn, kò sí ilé tó máa kàn. Àwọn chip tó wà nínú èyí tí wọ́n ṣe láti 1980, CEM3340 àti ẹbí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Doug Curtis ló ń ṣe wọ́n, iṣẹ́ ìyẹn náà dáwọ́ dúró. Bí chip kan bá kú, inú òkú Prophet mìíràn lèèyàn ti ń yọ ọ́. A ń pa ọ̀kan kí èkejì lè yè.

Ní 2015, Yamaha dá orúkọ náà padà fún Dave Smith. Ikutaro Kakehashi tó dá Roland sílẹ̀ ló bá a bẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ olùdíje ni gbogbo wọn jẹ́ síra wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, CEM3340 padà sórí igbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ihò ti àtijọ́ mu gẹ́lẹ́, ẹni tó ní ti 1980 lè kì í bọ̀ ọ́ lónìí. Nígbà tó di 2020, Prophet-5 fúnra rẹ̀ padà jáde. Ọlọ́jà, wọ́n ṣe tuntun, wọ́n tà á, wọ́n jèrè, àtijọ́ náà sì rí ìwòsàn gbà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe-jáde ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ilé-iṣẹ́ Korg dá kíbọ́ọ̀dù wọn MS-20 padà ní 2013, ohùn rẹ̀ dára gan-an, mo ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ di kékeré, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́, ihò wáyà rẹ̀ náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ò wọ ara ti 1978. Fún ẹni tó ní ti àkọ́kọ́, kò yí nǹkan kan padà.

Ìyá_Akọrin (Los Angeles)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Níbi tí mo wà yìí, òfin àtúnṣe ohun èlò ti wà láti July 2024. Ohun èlò oníná tí owó rẹ̀ bá tó 100 dọ́là, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ pèsè ìwé, irinṣẹ́ àti ẹ̀yà ara fún ọdún méje lẹ́yìn tó ṣe é kẹ́yìn. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo wá rí i pé ohun tó jáde láti 2021 síwájú nìkan ló kàn. Kíbọ́ọ̀dù bàbá ọmọ yìí ò sí níbẹ̀, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí èmi ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí wọ́n gbé ìwé sílẹ̀. Yamaha ti fi ìwé ìlò DX7 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo wá a, mo rí i, kí Ọlọ́run bù kún wọn. Ó kù kí ìwé àtúnṣe náà jáde, èyí tó ní àwòrán ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ló ń fi ti wọn mọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, ó dára nígbà tí ọjà ṣì ń tà. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ta ni wọ́n ń ṣọ́ ọ fún? Korg gbé àwòrán inú Monotron, ẹ̀rọ orin kékeré wọn kan, síta ní 2010 nígbà tí wọ́n ṣì ń tà á, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ọlọ́jà_Alaba

Mo gbọ́ yín, Màmá. Lórí ti ìwé, mo gbà fún yín pátápátá. Bébà ò gba ibi púpọ̀ ní àká.

Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wa kì í béèrè ìwé. Mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ti DX7 àti ti Juno, kíbọ́ọ̀dù Roland, síta, kí n máa fi lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ọjà.

ỌmọOnídùùrù (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, mo ti dé.

Mo yá wáyà MIDI kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́, fáìlì náà jẹ́ báìtì 2312. Mo rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Mo tún un ṣe, ó di 1980. Wáyà yẹn ni. Mo wọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, wọ́n yá mi ní tiwọn fún alẹ́ ọjọ́ kan. 4104. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, 4104, 4104, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Wọ́n wà lórí kọ̀ǹpútà mi, lórí fóònù mi, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta.

Lẹ́yìn náà la yọ bátìrì. Ojú kíbọ́ọ̀dù náà dàrú bí ẹ ṣe wí, ká ní n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ẹkún ni ǹ bá sun. A jó ilé bátìrì síbẹ̀, a fi tuntun sí i, FUNCTION 14 kọ 3.1. Mo pa ìdáàbòbò ìrántí rẹ̀, mo dá fáìlì padà sínú rẹ̀. Mo tẹ 17. AGIDIGBO 1.

Ohun kan tún wà. Nínú àpò ẹrù kíbọ́ọ̀dù náà, mo rí ìwé ìkọ̀wé ọlọ́gọ́ta ojú kan. Bàbá mi kọ nọ́ńbà ohùn kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ ní ìlà-ìlà, pẹ̀lú rúlà, àwọ̀ búlúù. Ti AGIDIGBO 1 wà níbẹ̀, àmọ́ omi ti kan apá ọ̀tún ojú ìwé náà, ìlà méjì tó kẹ́yìn ti para wọn pọ̀. Ká ní ohùn yẹn nù, ìwé náà ò ní lè dá a padà. Lánàá mo jókòó tì í, mo ń ka nọ́ńbà láti ojú kíbọ́ọ̀dù, mo sì ń kọ àwọn tó ti parẹ́ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Bíìrò pupa ni mo lò, kí ẹni tó bá kà á mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá mi àti èyí tó jẹ́ tèmi.

Ó ku bọ́tìnnì méjì tó ń ṣagídí, 6 àti 23. Ẹ̀gbọ́n, kí la ń ṣe sí wọn?

Ẹlẹ́rọ_Mushin

Àbúrò, o káre. Mo ka ti bíìrò pupa yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti 6 àti 23, má kánjú pààrọ̀ wọn. Tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi ọgọ́rùn-ún ìgbà pẹ̀lú iná pípa, ìpẹtà tó wà nínú rẹ̀ lè ṣí. Tí kò bá ṣí, swíìṣì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ ló wà lábẹ́ wọn, ọjà ṣì ní irú rẹ̀. Ya àwòrán pátákó náà fún mi láti ẹ̀gbẹ́, kí n lè wọn gíga rẹ̀ kó o tó rà. Tó o bá gbà bẹ́ẹ̀, fi fáìlì 4104 yẹn ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo ní DX7 kan níbí tí bátìrì rẹ̀ dára, mo fẹ́ kí AGIDIGBO 1 wà nínú rẹ̀.

ỌmọOnídùùrù (Ìbàdàn)

Mo ti fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ńbà 17 ni. Ọwọ́ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ le, yóò dún bí agogo.